Bẹ́ńṣì Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Tí ẹ bá rí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí inú rẹ̀ wá bàjẹ́ nítorí pé ara rẹ̀ dá, ẹ má tíì sọ pé orí rẹ̀ dàrú. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tí ó máa ń jókòó tì ní ọsibítù. Bí ọ̀rọ̀ Tíṣà Olúgbémiga ṣe rí nìyẹn ní ìlú Johannesburg, ní ọdún 2016 wọ 2017. Èmi kò ní bú u, nítorí ohun tí ó ń wu ọkùnrin náà kò pọ̀: ó kàn fẹ́ rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni.

Ọmọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni. Ọdún 1991 ni ó wá sí Gúúsù Áfíríkà láti wá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọdún mẹ́ta péré ni òun yóò lò. Ọdún mẹ́ta di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó fẹ́ Roseline, ọmọ Limpopo, obìnrin tí ìwà rẹ̀ tutù, wọ́n sì bí Adébùkọ́lá. Roseline gbọ́ “wá jẹun”, ó gbọ́ “ẹ káàárọ̀”, ibẹ̀ ni Yorùbá tirẹ̀ parí sí. Ní ti Adébùkọ́lá, bí bàbá rẹ̀ bá fi Yorùbá pè é, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dáhùn. Nígbà tí Roseline kú, tí ọmọ sì rí iṣẹ́ sí Cape Town, ó ku Tíṣà nìkan nínú yàrá méjì tí ó háyà ní Bertrams, nínú ilé àtijọ́ onípáànù pupa kan tí ariwo pápá bọ́ọ̀lù Ellis Park máa ń dé lọ́jọ́ Sátidé. Kì í ṣe pé kò sí Yorùbá nílùú o. Wọ́n kún Hillbrow fọ́fọ́, wọ́n sì kún ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá Èkó tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì pò ni wọ́n ń sọ. Ìjẹ̀ṣà, èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń bá a wí, èdè tí ń bọ́ sí i lẹ́nu bí nǹkan bá dùn ún dé egungun, kò rí ẹni bá sọ ọ́. Àárò èdè yẹn ń sọ ọ́ ju àárò oúnjẹ lọ.

Ní ọdún 2013, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi ilẹ̀kùn kékeré onírin kan pààrọ̀ èyí tí ó bàjẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ láyà, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni yóò máa lò títí ayé. Oògùn náà kò sì gba gbẹ̀rẹ́: bí agbára rẹ̀ bá kéré lára, ẹ̀jẹ̀ á dì mọ́ ilẹ̀kùn, bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á máa dà láìdúró. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, tí wọ́n á sì sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún un: bí agbára oògùn bá ṣe ń pọ̀ sí i lára ni nọ́ńbà ń gòkè. Láàárín méjì àbọ̀ sí mẹ́ta àbọ̀ ni ó yẹ kí nọ́ńbà tirẹ̀ máa wà. Bí àwọn ará ilé bá pè láti Ẹ̀rìn pé ìgbà wo ni yóò padà wálé, ìdáhùn rẹ̀ kì í yí padà: ẹ̀jẹ̀ òun ni ó so òun mọ́lẹ̀, láàbù wo ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò fún òun ní Ẹ̀rìn? Òótọ́ ni. Àwáwí sì tún ni díẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà á láti padà sí ilé tí kò ti sí ẹnikẹ́ni tí ó ń dúró dè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ tirẹ̀ ní kíliníìkì. Yóò wọ taksí láàárọ̀ kùtù, yóò bọ́ sílẹ̀ níbi róbọ́ọ̀tì, iná tí ń darí ọkọ̀, níwájú ọsibítù, yóò rọra gun òkè lọ. Wọn á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré, ìgò á lọ sí láàbù, àwọn aláìsàn á sì jókòó lórí bẹ́ńṣì onípákó gígùn kan títí èsì á fi dé. Wákàtí mẹ́ta ni, nígbà mìíràn mẹ́rin. Gbogbo ènìyàn ló ń kùn. Obìnrin kan tí ó ń bá wọn tọ́jú ilé ní Sandton sunkún níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ pé bí ó bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kó má wulẹ̀ wá mọ́. Tíṣà nìkan ni kì í kùn, ó sì nídìí.

Ní ọdún 2014, ẹni tí ó ń fa ẹ̀jẹ̀ gún un lẹ́ẹ̀mejì kò rí iṣan, Tíṣà sì fi Ìjẹ̀ṣà ké pe ìyá rẹ̀ tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Obìnrin àgbà kan tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ tẹ orí síwájú, ó ní, “Ọmọ Ọbòkun ni yín?” Kí Tíṣà tó bojú wẹ̀yìn, omi ti lé sí i lójú. Sìdíkàt ni obìnrin náà ń jẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ó wá bá ọmọ rẹ̀ Tawakalit, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Hillbrow, tọ́jú àwọn ọmọ ni, ìgbà tí ó dé ni wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé, ni wọ́n bá fi oògùn kan náà lé e lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án.

Láti ọjọ́ náà, bẹ́ńṣì di Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ òórùn kòkó tí a sá sójú ọ̀nà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òtútù orí òkè Ẹ̀rìn, wọ́n ń jiyàn lórí ìlú tí iyán rẹ̀ kì í ní kókó. Ó ń pè é ní Tíṣà, òun náà ń pè é ní Ìyá Tawa. Bí àwọn yòókù bá dìde láti lọ bínú sí nọ́ọ̀sì, tí Tíṣà kò mira, Ìyá Tawa á rẹ́rìn-ín, á ní ọmọ òṣómàáló ni lóòótọ́, kì í dìde kí ó tó gba ohun tí ó bá wá gbà. Ó máa ń di ẹ̀pà sísè sínú ọ̀rá wá, wọ́n á jọ jẹ ẹ́. Bí Tíṣà bá padà dé Bertrams lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ á rí bí ojú ẹni tí ó lọ ilé tí ó sì bọ̀.

Kí wá ni Tíṣà gbà níbẹ̀? Ọdún méjì ó lé díẹ̀ ni wọ́n fi jọ jókòó, kò béèrè nọ́ńbà fóònù obìnrin náà, kò béèrè òpópónà tí ó ń gbé. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n Tíṣà kò béèrè. Ojú ń tì í. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, kí ni yóò sọ pé òun fẹ́ fi nọ́ńbà opó ṣe? Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó di ọ̀sẹ̀ méjì òní. Ọ̀sẹ̀ méjì òní á sì dé, bẹ́ńṣì á ṣì wà níbẹ̀, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dé sí kíliníìkì náà. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò ju fóònù lọ. Wọn á gún orí ìka, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo á bọ́ sórí ìwé tínrín kan, ẹ̀rọ á ka ìṣẹ́jú kan, nọ́ńbà á sì yọ lójú aláìsàn. Sísítà Thandeka, olórí nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kó gbogbo wọn jọ, ó ṣàlàyé. Ó ní ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́, ìka ló kàn, kò tọ́ kí wọ́n máa fi odidi ọjọ́ ṣòfò lórí ohun tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lè sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ẹni tí ó ní irú àìsàn tí ó máa ń tan ẹ̀rọ jẹ, tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn, láàbù ni tirẹ̀. Ó tún ní bí ẹ̀rọ bá pe nọ́ńbà ẹnikẹ́ni ní ohun tí ó ju mẹ́rin àbọ̀ lọ, òun kò ní gba ẹ̀rọ gbọ́ mọ́, nítorí ojú ẹ̀rọ kì í ríran dáadáa ní òkè yẹn. Olúwa rẹ̀ á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, á jókòó, á dúró de láàbù.

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní Sandton fò mọ́ Sísítà lọ́rùn. Ká má purọ́, ẹ̀rọ náà dára. Wọ́n fún oníkálukú ní ọjọ́ àti agogo tirẹ̀ kí èrò má baà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́jọ, ni wọ́n fún Tíṣà. Ó dé agogo mẹ́jọ, wọ́n gún un níka, méjì póìntì mẹ́sàn-án, Sísítà ní “shap”, ó ti dára nìyẹn, ó di ọ̀sẹ̀ méjì. Agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó ti wà ní ìta. Ó wo bẹ́ńṣì, bẹ́ńṣì ṣófo. Kò mọ ọjọ́ tí wọ́n fún Ìyá Tawa, Sísítà kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn kan fún òmíràn.

Ó lọ sí Hillbrow lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń ka pátákó àwọn ṣọ́ọ̀bù irun. Ṣọ́ọ̀bù irun mélòó ni ènìyàn fẹ́ kà ní Hillbrow? Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó padà sílé.

Ni ó bá pinnu láti bá ẹ̀rọ jà. Ó sọ fún Sísítà pé òun kò gbà á gbọ́, kí ó jẹ́ kí àwọn ṣe ìka àti láàbù pa pọ̀, kí òun kọ méjèèjì sílẹ̀. Sísítà rò pé ìṣọ́ra àgbà ni, ó gbà fún ìgbà mẹ́ta. Tíṣà ra ìwé onílà, ó fa àtẹ, ó kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ sí apá kan, ti láàbù sí èkejì. Ìgbà àkọ́kọ́, méjì póìntì mẹ́sàn-án àti méjì póìntì mẹ́jọ. Ìgbà kejì, mẹ́ta póìntì kan níhà méjèèjì. Ìgbà kẹta, ìyàtọ̀ òdo póìntì kan péré. Ẹ wo ìyà tí ó jẹ tíṣà ìṣirò! Ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó fi kọ ẹ̀rí pé ẹ̀rọ kò purọ́. Bákan náà, nínú ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó jókòó de láàbù, òun nìkan ni ó jókòó.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá rántí ẹ̀fọ́.

Gbogbo ẹni tí ń lo oògùn yẹn ni wọ́n ti kìlọ̀ fún pé ewé tútù máa ń dín agbára rẹ̀ kù: ìwọ̀n tí o bá ń jẹ ni kí o máa jẹ, má fi kún un, má yọ kúrò. Olóyè ẹ̀fọ́ sì ni Tíṣà. Ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Bertrams, ojoojúmọ́ ni ó ń já a, wọ́n sì ti díwọ̀n oògùn rẹ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ yẹn láti ọdún mẹ́ta. Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2017, Tíṣà pa tẹ̀tẹ̀ tì. Ẹran àti ìrẹsì ni ó ń jẹ, ó ń jẹ burẹ́dì, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ bí ó ṣe yẹ kí ó lò ó. Ó rò pé bí nọ́ńbà òun bá gòkè kọjá mẹ́rin àbọ̀, wọn á dá òun padà sí bẹ́ńṣì, wọn á sì máa pe òun léraléra.

Àsìkò ooru ni òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sán, tẹ̀tẹ̀ ga dé èjìká, ó so. Obìnrin tí ó háyà yàrá mìíràn nínú ilé náà béèrè pé ṣé òun lè já mòrógò rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀fọ́ níbẹ̀, nítorí ó ń ṣòfò. Ó ní kó máa já a. Òórùn rẹ̀ ń ti ilé ìdáná obìnrin náà wọlé tọ̀ ọ́ wá, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò tọ́ ọ wò. Nọ́ńbà rẹ̀ di mẹ́ta póìntì mẹ́sàn-án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ lórí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Àpá dúdú yọ sí i ní itan láìgbá mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà á, ó sì fi bò. Ẹni tí ó mọ ìṣirò tó báyìí, ó mọ̀ dájú pé ikú ni òun ń bá tayò, síbẹ̀ kò jáwọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta, ẹ̀rọ pe márùn-ún póìntì méjì. Sísítà Thandeka pariwo “Eish”, ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, ó ní kí ó lọ jókòó, kó má kúrò níbẹ̀. Inú Tíṣà dùn bí inú ẹni tí ó yege ìdánwò. Ó jókòó sí àyè rẹ̀ àtijọ́, ó tilẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ fún Ìyá Tawa.

Wákàtí kan kọjá, ó di méjì. Ọkùnrin kan tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ wá, ó lọ. Ìgbà tí ó di wákàtí kẹta ni ojú Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Kí ni ó máa gbé Ìyá Tawa dé bẹ́ńṣì? Nọ́ńbà tirẹ̀ dára! Ó ń jẹ ẹ̀fọ́ tirẹ̀, ìka ni wọ́n ń gún fún un, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ó ń lò, ó ń lọ. Tíṣà ṣe ìṣirò ara rẹ̀ láìṣe ti ẹnìkejì. Ó fi ọwọ́ bo ojú lórí bẹ́ńṣì náà, ó sunkún.

Bí Sísítà ṣe bá a nìyẹn. Èsì láàbù wà lọ́wọ́ rẹ̀: márùn-ún póìntì mẹ́fà. Ó jókòó tì í, ó ní, “Baba, kí ni ẹ jẹ? Kí ni ẹ kò jẹ?” Baba tí Zulu ń wí kò yàtọ̀ sí ti Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń rọ Tíṣà lọ́kàn. Ó jẹ́wọ́ pátá. Ó sọ ti ẹ̀fọ́, ti ẹ̀jẹ̀ ìfọyín, ti obìnrin tí òun ń wá.

Sísítà kò rẹ́rìn-ín. Ó bínú gan-an ni. Ó ní òun kò fi Tíṣà sí ìdí ẹ̀rọ láti lé e kúrò níbẹ̀. Nítorí pé ó ń ṣe dáadáa ni, àti pé òun fọkàn tán an. Ó ní láàbù kì í ṣe ilé àlejò, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń daamú ni ó wà fún, èwo ni kí ènìyàn lọ wá ìdààmú wọ ara rẹ̀? Ó dá oògùn náà dúró fún ọjọ́ méjì. Ó ní kí ó padà sí ẹ̀fọ́ rẹ̀, ìwọ̀n tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀, kó má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ tí kò dúró, kí ó sáré wá. Lẹ́yìn náà ni ó gbé káàdì rẹ̀, ó wo ìwé ńlá orí tábìlì fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ọjọ́ Ẹtì. Agogo mẹ́wàá. Ẹ má wá ní mẹ́jọ o.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, agogo mẹ́wàá kù ìṣẹ́jú mẹ́ta, Tíṣà wọlé. Ìyá Tawa ni ó jókòó sí ìdí tábìlì, ìka rẹ̀ wà lọ́wọ́ Sísítà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sórí ìwé, ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú kan rẹ̀.

Ẹni tí ó fi wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ṣòfò fún ọdún méjì kò tilẹ̀ jókòó. Ó fi Ìjẹ̀ṣà sọ ọ́ lórí ìdúró, pé òun ti ń wá a kiri láti oṣù kọkànlá, pé òun kò jẹun dáadáa, pé ilé òun dákẹ́ jù, pé kí ó jọ̀wọ́ sọ ibi tí òun ti lè máa rí i.

Ìyá Tawa yíjú sí i. Ó ní, “Tíṣà, ọjọ́ Àìkú ni mò ń lọ sílé.”

Àwọn ọmọ Tawakalit ti dàgbà, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ó ti pẹ́ tí ilé ti ń wù ú, ẹ̀jẹ̀ yìí náà ni ó dá a dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sísítà rí i pé nọ́ńbà rẹ̀ kì í yẹ̀, pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n, pé ohun tí ó bá rí ni ó ń sọ, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ náà fúnra ẹni. Tawakalit ti ra ọ̀kan fún un. Ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, lórí ibùsùn ara rẹ̀, ni yóò ti máa gún ìka rẹ̀, yóò fi fóònù sọ nọ́ńbà fún dókítà ní Iléṣà, láàbù á di ti ọjọ́ tí nǹkan bá dojú rú nìkan.

Ẹ̀rọ dún. Méjì póìntì mẹ́rin, ó dára, nítorí méjì sí mẹ́ta ni ti obìnrin náà. Ìyá Tawa nu ìka rẹ̀, ó dìde kí Tíṣà lè jókòó, ó wá béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà báyìí rí.

“Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló tún ń dá yín dúró?”

Tíṣà na ìka rẹ̀. Àwáwí ọdún mẹ́ta ti bọ́ sọnù, ó wà níbẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí kò ju fóònù lọ. Ó yíjú sí Sísítà Thandeka, ó bi í bóyá wọ́n lè kọ́ òun náà.

Sísítà ní ẹni tí ó bá ń parọ́ fún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, òun kò lè gbé ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́. Láàbù ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn báyìí fún ìgbà díẹ̀, ìka á sì tẹ̀lé e. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá dúró lójú kan fún oṣù mẹ́fà gbáko, òun á kọ́ ọ. Nọ́ńbà Tíṣà lọ́jọ́ yẹn, mẹ́ta póìntì mẹ́ta ni.

Ìyá Tawa gba ìwé onílà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i sí ojú ewé ìparí, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ti Nàìjíríà síbẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà. Ó ní òun mọ̀ pé ọmọ òṣómàáló kì í dìde lásán. Ó ki í pé ó dàbọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀ tí ó ń dúró nísàlẹ̀.

Tíṣà padà sí Bertrams. Tẹ̀tẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n àwọn tuntun ti ń hù lábẹ́ rẹ̀. Ó já ìwọ̀n ife kan, ó sè é, ó jẹ ẹ́ tán. Ó wá ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ọjọ́ Ẹtì, ó kọ ife ẹ̀fọ́ kan, ó kọ mẹ́ta póìntì mẹ́ta. Ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé ó ku ọgọ́sàn-án ọjọ́.